Òwú Pupa Létí Kọ́ọ̀bù

Alàgbà kò wọlé. Ẹni tó bá mọ Alàgbà dáadáa yóò ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe, torí ọkùnrin náà kì í kọjá ilé Oníbúrẹ́dì láìjókòó. Kí òórùn búrẹ́dì ṣáà ti kàn án nímú lójú títì, ẹ̀yìnkùlé ló máa bá ara rẹ̀, lórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sí búrẹ́dì gbígbóná, tí yóò sì máa sọ pé òun ò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yìí, òdìkejì gọ́tà ló dúró sí, ó fi áńkáṣíìfù bo imú bí ẹni tí eruku ń dà láàmú. Eruku wo? Òjò rọ̀ mọ́jú ni.

Oníbúrẹ́dì ń kó búrẹ́dì ìjọ jáde nínú ààrò nígbà náà. Òun ló máa ń ṣe búrẹ́dì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún ìjọ wọn. Ìyẹn kì í ṣe búrẹ́dì títà. Kì í fi ṣúgà sí i, kì í fi bọ́tà sí i, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun po ìyẹ̀fun rẹ̀. Ó ti fi aṣọ funfun bò ó tán kó tó gbọ́ tí wọ́n ń kí i láti ìta.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Alàgbà. Ẹ wọlé, ẹ̀gbẹ́ tó jóná díẹ̀ tí ẹ fẹ́ràn ń dúró dè yín."

"A dúpẹ́. Mi ò ní lè jókòó lónìí." Alàgbà wo ojú ọ̀nà, ó tún wo bàtà ara rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni. Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà gbígbé búrẹ́dì wá. A ti ra òmíràn."

"Ẹ ti ra kí ni?"

"Búrẹ́dì. Ti inú ọ̀rá, láti ilé ìtajà."

Oníbúrẹ́dì ń fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

"Ní ti ọmọ yín," Alàgbà ń bá a lọ, "kò sẹ́ni tó ní kó má wá o. Ọmọ gbogbo wa ni. Kó ṣáà jókòó lẹ́bàá fèrèsé ẹ̀yìn, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Tó bá di àkókò Oúnjẹ Olúwa, a ti wá kọ́ọ̀bù kékeré kan fún un, tirẹ̀ nìkan. A máa gbé e lọ bá a níbi tó bá jókòó sí. Ìfẹ́ la fi ṣe é, kí ọkàn oníkálukú lè balẹ̀."

"Bàbá Alàgbà, ó lo oògùn rẹ̀ tán. Nọ́ọ̀sì ní àìsàn náà kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo jẹ́rìí, ẹ pàtẹ́wọ́."

"Mo pàtẹ́wọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí èèyàn ṣe rí. Gbogbo ìka kọ́ ló dọ́gba."

Ó yí padà. Oníbúrẹ́dì kò pariwo, ṣùgbọ́n kò rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ náà. "Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu," ló wí. Alàgbà gbọ́, torí pé ìrìn rẹ̀ yá sí i.

Kí inú má bí èèyàn? Nígbà tí ikọ́ fée dá ọmọ yìí dúró sílé ìwòsàn, ìjọ kan náà gbàdúrà, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Àdúrà wá gbà tán, ọmọ dé, gbogbo wọn ń fi áńkáṣíìfù bo imú. Àìsàn ti tán lára ọmọbìnrin náà. Ẹnu àdúgbò ló kù tí kò tíì lo oògùn tirẹ̀.

Ọkọ Oníbúrẹ́dì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Télọ̀ ni, iyàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, téèpù kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àní lọ́jọ́ Ìsinmi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó jẹ́jẹ́ débi pé ó máa ń bí ìyàwó rẹ̀ nínú.

"Jẹ́ ká jókòó sílé lónìí," ló wí. "Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ á ti tutù."

"Ọ̀rọ̀ wo ló ń tutù fúnra rẹ̀? Bí a bá jókòó sílé, wọ́n á ní a ti gbà pé ọmọ wa ò yẹ lẹ́ni à ń bá mu omi."

"Oníbàárà ni mò ń wò. Obìnrin tó gbé aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ wá ti wá gbà á padà lánàá. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Aṣọ tí mi ò tíì fi síṣọ́ọ̀sì kàn."

"Búrẹ́dì àná náà ṣì wà lórí tábìlì, ṣé o rò pé mi ò rí i? Tí gbogbo wọn bá kó aṣọ wọn lọ, tí wọn ò ra búrẹ́dì mọ́, ṣé ọmọ la máa tì síta?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

Télọ̀ di téèpù ọrùn rẹ̀ mú. Ó ń fa téèpù lọ sọ́tùn-ún, ó ń fà á lọ sósì. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ sẹ́yìnkùlé.

Ibẹ̀ ló ti bá ọmọ wọn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyí, ṣùgbọ́n Àkọ́bí ni gbogbo ilé ń pè é, torí pé nígbà tí wọ́n bí i, ìrètí ṣì pọ̀. Ó ti dàgbà tó ẹni tó ń gbé ilé ọkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń fi mu omi, omi ń kán sí i láṣọ.

"Ìwọ náà, ọmọdé ni ọ́ ni? Kọ́ọ̀bù ò sí nílé?"

"Ó tutù dáadáa báyìí, màámi." Ó nu ẹnu. "Mo gbọ́ ohun tí Bàbá Alàgbà sọ."

"Má dá a lóhùn. A jọ ń lọ ni. Iwájú la máa jókòó sí."

Àkọ́bí kò sọ pé òun máa lọ, kò sì sọ pé òun ò ní lọ. Ó ti ẹnu ẹ̀rọ náà pa dáadáa. "Màámi, nọ́ọ̀sì àgbà ti sọ fún mi tipẹ́ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ìtọ́jú wọ́ọ̀dù, ilẹ̀ gbígbá, aṣọ fífọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í wo ibi tí mo bá fẹnu kàn. Mo ti di ẹrù mi. Tòní ni mo fẹ́ fi wò ó. Bí mi ò bá jẹ́ èèyàn níbí, ọkọ̀ ìdájí ọ̀la ni mo máa bá lọ."

"Lọ síbo? Nílé ìwòsàn? Wọ́n ti ní kí o máa lọ sílé, o tún fẹ́ padà?"

"Mo ní tòní ni mo fẹ́ fi wò ó, màámi."

Ẹ̀rù ba Oníbúrẹ́dì. Ó ti rí báàgì náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tó ń gbálẹ̀ lánàá, ó sì ti parọ́ fún ara rẹ̀ pé aṣọ òtútù ló wà nínú rẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná lọ láti gbé tíì sórí iná kí ojú rẹ̀ lè kúrò lára ọmọ náà.

Àwọn kọ́ọ̀bù páànù ilé náà wà lára ìṣó, wọ́n tò lára ògiri láti ẹnu ọ̀nà lọ. Funfun ni gbogbo wọn, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì, àfi èyí tó wà lára ìṣó àkọ́kọ́, tí wọ́n so òwú pupa mọ́ létí. Oníbúrẹ́dì ló so ó. Ó fa òwú náà lára ẹ̀rọ ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí ọmọ wọn máa wálé. Nígbà tí ọmọ dé, ó fi hàn án, ó ní, "Tìẹ nìyí. Àwọn tó kù, tiwa ni." Àkọ́bí wo òwú náà, ó ní, "Ẹ ṣé, màámi." Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí Oníbúrẹ́dì bá ti fọ gbogbo abọ́, ó máa ń da omi híhó sínú kọ́ọ̀bù olówùú yẹn lọ́tọ̀, á wá gbé e padà sára ìṣó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ni ẹnu rẹ̀ ń sọ kiri àdúgbò. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì gba nọ́ọ̀sì gbọ́.

"Ẹ kú ilé o. Wọ́n ní Alàgbà yà níbí?"

Ìyá Wọ́n-ní nìyẹn, aládùúgbò wọn tó ń ta ọṣẹ àti bulúù. Orúkọ tí àdúgbò fún un kò ṣàdédé bá a, torí kò sí ohun tí obìnrin náà ń sọ tí kì í fi wọ́n ní bẹ̀rẹ̀. Ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè rẹ̀ wọ́ sápá kan.

"Ó yà," Oníbúrẹ́dì dáhùn.

"Wọ́n ní búrẹ́dì inú ọ̀rá ni wọ́n máa fi ṣe Oúnjẹ Olúwa. Wọ́n ní èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní ó dùn bíi ṣúgà. Èmi ò tíì tọ́ ọ wò o."

"Wọ́n tún ní kí ni?"

Ìyá Wọ́n-ní wo ilẹ̀, ó pa ẹnu mọ́. Èyí kì í ṣe ìṣe rẹ̀. "Wọ́n ní bí ọmọ náà bá kúnlẹ̀, àwọn máa dìde. Wọ́n ti bára wọn sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Èmi kàn ní kí n wá sọ fún ẹ ni, kó má baà bá ẹ lójijì."

"Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé wàá dìde?"

"Orúnkún ń dùn mí láti ọjọ́ yìí," Ìyá Wọ́n-ní wí, ó sì wá ọ̀nà lọ.

Ẹnu kan náà tó ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ṣáà fi ń gbàdúrà. Oníbúrẹ́dì gbé tíì kalẹ̀, kò mu ún. Ìyá àgbà, ìyá Télọ̀, ti mu tirẹ̀ láti àárọ̀ kùtù, Àkọ́bí ló máa ń pò ó fún un nígbà tí Oníbúrẹ́dì bá wà nídìí ààrò. Ojú ìyá àgbà ti ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà iyàrá rẹ̀, ó ń kọ orin jẹ́jẹ́.

"Ẹ bá mi kí Olúwa," ló sọ fún wọn nígbà tí wọ́n ń jáde. "Ẹ ní mo wà láàyè."

Ọ̀nà kò jìn, ṣùgbọ́n ó gùn lọ́jọ́ yẹn. Oníbúrẹ́dì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó dì í mú jù. Télọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú Bíbélì. Àwọn tó máa ń kí wọn láti òkèèrè ń wá nǹkan nínú àpò tí wọ́n bá ti súnmọ́ wọn. Oníbúrẹ́dì ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi iṣẹ́ wọn àti orúkọ ọmọ wọn pè wọ́n, kó má baà sí ẹni tó máa lè sọ pé òun ò gbọ́.

Ìjókòó kejì láti iwájú ni wọ́n jókòó sí. Ìjókòó náà gba èèyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta nìkan ló wà lórí rẹ̀ títí ìsìn fi bẹ̀rẹ̀. Lórí tábìlì Olúwa, búrẹ́dì inú ọ̀rá wà nínú àwo fàdákà, ó funfun láúláú. Lórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kọ́ọ̀bù ike kan dá dúró. Gbogbo ìjọ ló ti rí i. Gbogbo ìjọ ló sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Pásítọ̀ wọn kò dàgbà púpọ̀, oníwà tútù ni, ó sì máa ń wàásù dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn, ìfẹ́ Ọlọ́run ló sọ̀rọ̀ lé lórí.

"Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ẹ̀yin ará, bí ìfẹ́ Baba wa ṣe rí nìyẹn. Òjò àná rọ̀ sórí ilé ọlọ́lá, ó rọ̀ sórí ilé tálákà. Kò bèèrè pé ta ló mọ́, ta ni kò mọ́. Ọlọ́run kì í ṣe ojúsàájú."

"Àmín," ni ìjọ wí. Àmín ti Alàgbà ló ròkè jù.

Ó wá kan Oúnjẹ Olúwa. Ìjọ yìí ní ìṣe kan tí wọ́n fi ń yangàn: ago kan ṣoṣo ni wọ́n ń mu. Pásítọ̀ á gbé ago fún ẹni tó kúnlẹ̀ ní ìkángun, onítọ̀hún á mu, á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e, á ní, "Tìrẹ náà ni." Bẹ́ẹ̀ ni ago á ṣe máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé kò sí ìjọ tó fẹ́ràn ara wọn tó àwọn.

Oníbúrẹ́dì dìde kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ìkángun, ó mú un kúnlẹ̀ níbẹ̀, òun náà kúnlẹ̀ tẹ̀ lé e. Télọ̀ kúnlẹ̀ tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀, téèpù yọ lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Lẹ́yìn tiwọn, àlàfo ni. Aláṣọ funfun kan tó ti ń bọ̀ dúró láàárín ọ̀nà, ó ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ó padà.

Wọ́n jẹ búrẹ́dì. Ó dùn bíi ṣúgà lóòótọ́. Alàgbà wá gbé kọ́ọ̀bù ike náà kúrò lórí àpótí, ó ń gbé e bọ̀.

"Bàbá Alàgbà, ẹ gbé e padà," Oníbúrẹ́dì wí.

"Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́. Ilé Ọlọ́run la wà."

"Nítorí pé ilé Ọlọ́run la wà ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀." Ó gbójú sókè sí Pásítọ̀. "Pásítọ̀, òjò tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ṣé ó máa ń fo ilé ẹnìkan ni? Ọmọ mi ò ní mu nínú kọ́ọ̀bù àdáyanrí. Bí kò bá yẹ fún ago yìí, kò sẹ́ni tó yẹ fún un níbí, ẹ jẹ́ ká gbé e dànù ká máa lọ sílé."

Àkọ́bí tẹrí ba, etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n. Pásítọ̀ wo ìjọ, ó wo Alàgbà, ó wo ago tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ago ńlá fún ọmọbìnrin náà.

"Tìrẹ náà ni," ló wí.

Àkọ́bí mu. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ago fún ìyá rẹ̀. "Tiyín náà ni, màámi."

Oníbúrẹ́dì gbà á. Ibi tí ẹnu ọmọ rẹ̀ ti kúrò ṣì tutù létí ago náà, ó kọjú sí i gan-an. Ó yí ago náà, wẹ́rẹ́ báyìí, ó mu lódìkejì. Bóyá òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ṣe é. Alàgbà ò rí i, ìjọ ò rí i. Àkọ́bí rí i.

Télọ̀ mu tirẹ̀ láìyí nǹkan kan, ó yíjú láti gbé ago fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́nìkan. Ó na ago náà sínú àlàfo, kò mọ̀ bóyá kó gbé e padà ni àbí kó gbé e sílẹ̀. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀ bọ̀. Ìyá Wọ́n-ní ni, ó ń di orúnkún mú. Ó kúnlẹ̀ gbì.

"Gbé e wá," ló sọ fún Télọ̀. "Wọ́n ní kí n má mu ún. Láyé mi, mo ti gbọ́ 'wọ́n ní' tó."

Ó mu ún, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Àwọn kan dìde lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wá kúnlẹ̀. Àwọn tó pọ̀ ju ìyẹn lọ jókòó, wọ́n ń wo ìwé orin. Alàgbà gbé kọ́ọ̀bù ike lọ sí iyàrá ẹ̀yìn, kò sì jáde mọ́ títí ìsìn fi parí.

Oníbúrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò lọ sílé ni. Ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. "Ṣé o rí ojú Alàgbà? Ṣé o rí i bó ṣe gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ àyà? Mo ní, kò sẹ́ni tó máa ya ọmọ mi sọ́tọ̀. Kò tíì sí, kò ní sí." Télọ̀ ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, àyà rẹ̀ ti balẹ̀. Àkọ́bí ni kò dúró gbọ́, ó ti rìn síwájú wọn. Bí wọ́n ṣe dé ilé, ó wọ iyàrá lọ tààrà, Oníbúrẹ́dì sì gbọ́ tó wọ́ báàgì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó fa síìpù rẹ̀ pa.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ni ìyẹn? Ṣebí o ní tòní lo fẹ́ fi wò ó. Ṣebí o mu ún. Kí ló tún kù?"

"Kò sí nǹkan, màámi."

"Ṣé torí àwọn tó jókòó ni? Wọ́n á wá bó bá yá."

"Kì í ṣe torí tiwọn." Àkọ́bí ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò wo ojú ìyá rẹ̀. "Ẹ gbìyànjú, màámi. Mo dúpẹ́."

Ìdùnnú tó gbé Oníbúrẹ́dì bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì já wálẹ̀. Kò mọ ohun tó ṣẹ̀, ara rẹ̀ ò sì balẹ̀. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ torí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ẹ̀wà ni, pẹ̀lú búrẹ́dì tí ìjọ kọ̀. Ó gé búrẹ́dì náà nípọnnípọn bí ẹni tó ń jà. Wọ́n jókòó, ìyá àgbà wà láàárín wọn, ó ń fọwọ́ wá abọ́ rẹ̀.

"Ẹ ò sọ bí ìsìn ṣe lọ fún mi," ìyá àgbà wí.

"Ó lọ dáadáa, ìyá mi," Télọ̀ dáhùn.

"Ilé wá dákẹ́ báyìí. Ìyàwó mi, bá mi bu omi. Fi kọ́ọ̀bù mi bù ú."

Oníbúrẹ́dì ti nawọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn tó mọ́. "Kọ́ọ̀bù wo, màmá?"

"Kọ́ọ̀bù mi náà ni. Èyí tí o so òwú mọ́ létí fún mi."

Ọwọ́ Oníbúrẹ́dì dúró sára ògiri.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ," ìyá àgbà ń sọ, ó ń rẹ́rìn-ín síbi tí kò sẹ́nìkan. "Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kété lẹ́yìn tí ọmọ yìí dé, mò ń fọwọ́ tọ ògiri lọ bí mo ti máa ń ṣe, mo fọwọ́ kan òwú. Mo ní, háà, ìyàwó mi rò mí. Ó rí i pé ojú mi ti ṣú, ó sàmì sí kọ́ọ̀bù fún mi, kò sì sọ ọ́ síta kójú má baà tì mí. Láti ọjọ́ náà, òun ni mo fi ń mu tíì, òun ni mo fi ń mu omi. Kò sí àárọ̀ kan tí mi ò gbàdúrà fún ẹ. Mo ní, Olúwa, ẹni tó fi òwú lásán rántí afọ́jú, má gbàgbé rẹ̀."

Ojú Oníbúrẹ́dì kọ́kọ́ lọ síbi àyà ìyá àgbà. Ó ń wá ikọ́ níbẹ̀. Ìyá àgbà kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìgbà tí ọmọ ti dé, ó ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Télọ̀ wo kọ́ọ̀bù tó wà lára ìṣó. Ó mọ òwú rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, màámi," Àkọ́bí wí, kò gbóhùn sókè. "Wọ́n ti mú un kí n tó jí. Inú wọn dùn sí i. Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ wọn."

"Kí lo wá fi ń mu omi láti ìgbà náà?" Télọ̀ bèèrè.

Àkọ́bí ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì.

"Kọ́ọ̀bù yòókù ńkọ́?" Oníbúrẹ́dì mọ èsì rẹ̀ bó ṣe ń bèèrè. Ó bèèrè náà ni.

"Ẹ ní tiyín ni."

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sẹ́ni tó pa òwe náà lórí tábìlì yẹn, kò sì sẹ́ni tó nílò rẹ̀. Oníbúrẹ́dì bọ́ síwájú, ó mú síṣọ́ọ̀sì ọkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó padà wá, ó já kọ́ọ̀bù náà gbà lára ìṣó. Ojú ń tì í débi pé kò ríran dáadáa. Ìyá àgbà gbọ́ ohùn irin.

"Kí lo fẹ́ gé? Má gé òwú mi o. Báwo ni mo ṣe máa wá mọ̀ ọ́n?"

Síṣọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu òwú. Nígbà tó yá, Oníbúrẹ́dì gbé e sílẹ̀. Ó bu omi kún kọ́ọ̀bù náà, ó fi lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá àgbà mu, ó ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ ilé náà bí àwọn tí kò ríran ti máa ń gbọ́ ọ. Ó na kọ́ọ̀bù sí apá ibi tó ti gbọ́ ohùn ọmọ ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn.

"Gbà, ìwọ náà mu. Ó pẹ́ tí mo ti dé tábìlì Olúwa. Tìrẹ náà ni."

Àkọ́bí gbà á, ó mu. Omi ṣì kù nínú rẹ̀. Ó gbé e dání, ó wo omi náà, lẹ́yìn náà ló wo ìyá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Etí ibi tó ti mu ló kọjú sí Oníbúrẹ́dì.

Oníbúrẹ́dì gbà á. Òwú pupa náà ń kàn án ní ìka. Kò yí i. Ó mu ún tán.